Sáńdáàlì aboyún tí mo rán ní Ẹ̀pẹ́

Bí ẹ bá lóyún, tí iṣẹ́ yín sì jẹ́ iṣẹ́ ìdúró, ẹ jẹ́ kí wọ́n rán bàtà fún yín, ẹ má ra ti orí àtẹ. Ẹja ni mò ń tà ní ọjà Olúwo, orí sìmẹ́ǹtì tútù ni mo sì ń dúró sí látàárọ̀. Nígbà tí oyún mi pé oṣù márùn-ún, bí mo bá ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ láàárọ̀ ni gìgísẹ̀ á ti máa ta mí. Sílípáàsì pẹlẹbẹ tí gbogbo wa ń wọ̀ lọ́jà ló ń dá kún un, torí kò sí nǹkan kan tó gbé àárín àtẹ́lẹsẹ̀ ró nínú rẹ̀. Oyún a sì máa dẹ iṣan ara, ẹsẹ̀ á tẹ́, á gùn sí i, á fẹ̀ sí i. Ẹsẹ̀ ẹlòmíì kì í padà sí bó ṣe wà mọ́ lẹ́yìn ìbímọ.

Ọ̀nà Ayétòrò ni ṣọ́ọ̀bù bùrọ̀dá ṣúmékà tó rán tèmi wà. Ó ní kí n padà wá nírọ̀lẹ́ kí òun tó wọn ẹsẹ̀ mi, torí ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wú jù. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó mọṣẹ́. Ó wọn ẹsẹ̀ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí páálí, ó sì fi àyè ìbú àtàǹpàkò kan sílẹ̀ níwájú ọmọ ìka. Awọ ló fi ṣe òkè, táyà ló fi ṣe ìsàlẹ̀, ó gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì fi fóòmù líle ti àárín. Okùn méjì tó ń lẹ̀ mọ́ra bí èèmọ́ ló wà lókè, mo lè dẹ̀ ẹ́ tàbí kí n fún un láìjẹ́ pé mo ń bẹ̀rẹ̀ jù. ₦14,000 ni mo san. Owó ńlá ni lójú alátẹ ẹja, àmọ́ gìgísẹ̀ mi rọlẹ̀ débi pé mo ń dúró títí ọjà fi ń tú.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó wúwo, awọ náà kò sì fẹ́ omi ẹja rárá. Bó bá ti rin, ó di ọjọ́ kejì kó tó gbẹ, òórùn rẹ̀ kò sì dára. Mo sọ fún un, ó ní òun á máa fi rọ́bà ṣe okùn fún àwa ẹlẹ́ja.

Okùn yẹn gan-an ló jẹ́ kí n tètè fura. Nínú oṣù keje oyún mi, etí rẹ̀ méjèèjì kò kan ara wọn mọ́, láàárọ̀ kùtù, kí n tó dé ọjà rárá. Òrùka kò bọ́ lọ́wọ́ mi, ìpéǹpéjú mi sì wú. Mo gbé e lọ kí ṣúmékà náà bá mi fi kún okùn náà, ó wojú mi títí. Ó ní, "Àǹtí, n ò ní fi nǹkan kan kún un lónìí. Kí ẹsẹ̀ wú lálẹ́, ìyẹn ò burú. Kí ojú àti ọwọ́ wú láàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru ná." Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀ rí.

150 lórí 100 ni nọ́ọ̀sì bá lára mi, purotéènì sì wà nínú ìtọ̀ mi. Láti 140 lórí 90 ló ti ga fún aboyún, bó bá sì dé 160 lórí 110, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la kí ẹ tó dé ọsíbítù. Orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ríran bàìbàì, ìrora lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún: ẹ má fi àgbo tàbí paracetamol bo èyíkéyìí nínú wọn mọ́lẹ̀, torí gìrì lè tẹ̀ lé e, ó sì ń pa ìyá àtọmọ. Àwọn ẹlòmíì sì wà tí ẹsẹ̀ wọn kò wú rárá tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, nítorí náà ẹ má pa ọjọ́ àyẹ̀wò jẹ. Wọ́n fún mi lóògùn, wọ́n ń wò mí lemọ́lemọ́ títí mo fi bí, wọ́n sì tún ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìbímọ, torí ó lè ga nígbà náà pẹ̀lú.

Mo ṣì ń wọ sáńdáàlì náà. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ṣúmékà náà, ẹ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, torí iṣẹ́ máa ń pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọjọ́ Jímọ̀ bá ti ń sún mọ́lé. Ìlàjì owó ló ń gbà kó tó bẹ̀rẹ̀.