Kẹ̀kẹ́ fixed-gear fún lílọ síbi iṣẹ́ láàárín ìlú ńlá: àyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù 14

Ó ti pé oṣù 14 tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ fixed-gear lọ síbi iṣẹ́ láàárín ìlú tí ọkọ̀ pọ̀ sí, kìlómítà 11 ní àlọ, 11 ní àbọ̀. Kẹ̀kẹ́ náà tẹ́ mi lọ́rùn, mi ò sì ní fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀, bí mo ṣe rà á kọ́ ni mo ṣe ń gùn ún lónìí. Iye eyín tó wà lára àwọn irin tí ṣéènì ń yí lé lórí kò bá ìlú mu, wọn kò sì fi bíréèkì kankan sí i. Ohun méjèèjì yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń gbèrò àtira irú rẹ̀ yẹ̀ wò kí ó tó wo àwọ̀ tàbí ẹwà rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa fi kọ́ gígùn ní fíríwíìlì lẹ́yìn: bí a bá dá ẹsẹ̀ dúró, wíìlì á ṣì máa yí lọ. Eléyìí kò ní in. Irin eléyín tó wà lẹ́yìn so mọ́ wíìlì pinpin, nítorí náà bí wíìlì bá ṣe ń yí ni pẹ́dà ń yí, kò sì sí àyè láti sinmi ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí a bá fẹ́ dín eré kù, ẹsẹ̀ la óò fi ta ko pẹ́dà. Kì í ṣe ohun tuntun rárá. Irú rẹ̀ ni àwọn olùdíje ń gùn ní pápá ìdíje kẹ̀kẹ́ títí di òní, àti nínú Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ti ilẹ̀ Faransé, ọdún 1937 ni wọ́n tó gba àwọn olùdíje láyè láti lo ẹ̀rọ tí ń pààrọ̀ gíà. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tó bá dé ìsàlẹ̀ òkè a sọ̀kalẹ̀, a tú wíìlì ẹ̀yìn, a sì yí i sódì, nítorí irin eléyín méjì tí iye eyín wọn yàtọ̀ ló wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀.

Nígbà tí mo ra kẹ̀kẹ́ mi, eyín 48 ló wà níwájú, 16 ló wà lẹ́yìn. Èyí ni pé bí pẹ́dà bá yí lẹ́ẹ̀kan, wíìlì ẹ̀yìn á yí lẹ́ẹ̀mẹta gééré, àti pé bí ìyípo táyà ṣe jẹ́ nǹkan bíi mítà 2.1, ìyípo ẹsẹ̀ kan ń gbé mi lọ tó mítà 6.3. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú tí kò sì sí ọkọ̀, ó dùn mọ́ ara. Ṣùgbọ́n nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, a ń ṣí, a ń dúró, a tún ń ṣí, gbogbo ṣíṣí wọ̀nyẹn sì dà bí ẹni ń ti ògiri. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, orúnkún mi ọ̀tún ti ń ro mí nígbà tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn.

Táyà náà kò sì gbẹ́yìn. Bí a bá fi ẹsẹ̀ di pẹ́dà mú kí wíìlì ẹ̀yìn má lè yí mọ́, táyà á máa wọ́ lórí ọ̀dà. Nítorí pé 48 jẹ́ 16 lọ́nà mẹ́ta láìṣẹ́kù, ojú kan náà lára táyà ló ń wọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ kan náà bá wà níwájú. Láàárín oṣù méjì, ibì kan ti jẹ títí tí òwú inú táyà fi yọ síta, nígbà tí ibi yòókù ṣì ń dán bí ọjọ́ tí mo rà á. Mo wá yí iwájú padà sí 46, mo sì yí ẹ̀yìn sí 17. Nọ́ńbà méjèèjì yìí kò ní ohun tó lè pín wọn dọ́gba àfi 1, nítorí náà ojú 17 ni táyà fi ń wọ́lẹ̀ káàkiri dípò ojú kan. Ìyípo ẹsẹ̀ kan wá di nǹkan bíi mítà 5.7. Bí ẹsẹ̀ mi bá yí ní ìgbà 80 láàárín ìṣẹ́jú kan, eré mi a tó kìlómítà 27 láàárín wákàtí, èyí sì tó ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Orúnkún náà kò ro mí mọ́.

Ní ti bíréèkì, àwọn kan gbà pé ẹsẹ̀ nìkan tó láti dá irú kẹ̀kẹ́ yìí dúró. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, mo sì bínú sí ẹni tó ń tà á fún ènìyàn fún lílò láàárín ìlú láìsí ìkìlọ̀ kankan. Bí a bá ń dín eré kù, ìwúwo ara máa ń sún síwájú, wíìlì ẹ̀yìn á fúyẹ́, ìdí nìyí tí wíìlì iwájú fi ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú ìdádúró. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀yìn nìkan nílò ọ̀nà tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ kí ó tó lè dúró. Ihò tí a lè de bíréèkì mọ́ ti wà ní iwájú kẹ̀kẹ́ mi, mo sì ní kí atúnkẹ̀kẹ́ṣe fi í sí i ní ọ̀sẹ̀ kejì. Nígbà tó yá, awakọ̀ kan ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ sí mi lójú ọ̀nà láìwo ẹ̀yìn. Mo dúró nígbà tó ku bí ìwọ̀n apá kan kí n kọlù ú. Ẹsẹ̀ nìkan kò lè ṣe é.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wà níbẹ̀ kò ṣeé fojú fò. Ṣéènì gbọ́dọ̀ le díẹ̀, kí ó máa jì sókè-sódò ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan péré, nítorí bí ó bá já bọ́ lórí eyín, ó lè há kí wíìlì ẹ̀yìn sì dúró gbagidi lójijì. Òrùka irin tó di irin eléyín ẹ̀yìn mú ń dì sí apá òsì, kì í ṣe sí apá ọ̀tún bí nọ́ọ̀tì yòókù, kí ó má baà tú nígbà tí a bá ń fi ẹsẹ̀ ta ko pẹ́dà. Okùn bàtà àti ẹsẹ̀ ṣòkòtò gbọ́dọ̀ wà ní dídì, nítorí ohun tí ṣéènì bá gbá mú, yóò fà á lọ títí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi ọwọ́ nu ṣéènì nígbà tí wíìlì ń yí: kò sí fíríwíìlì tí yóò jẹ́ kí ó dúró, ìka ọwọ́ sì lè gé síbẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni bí ó ṣe ń gbọ́ràn nígbà tí a bá ń rìn díẹ̀díẹ̀. Láàárín ọkọ̀ tí ń rákò, mo lè mú eré rẹ̀ wálẹ̀ títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó dúró, kí n tún fi ẹsẹ̀ tì í síwájú, láìfọwọ́ kan bíréèkì. Nínú òjò, àtẹ́lẹsẹ̀ mi máa ń mọ̀ ọ́n bí táyà bá fẹ́ yọ̀. Ó sì ti kọ́ mi láti wo ọ̀nà jìnnà: mo ń wo iná tó ń darí ọkọ̀ láti òkèèrè, mo sì ń bá a dín eré kù. Tí kòtò bá wà níwájú, mo ní láti dìde kúrò lórí ìjókòó nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì ń yí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì lè tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní ibi tí ọ̀nà ti yà, kí pẹ́dà má baà gbálẹ̀.

Ẹni tí ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀ kún fún òkè, kí ó wá kẹ̀kẹ́ tó ní gíà. Tèmi tẹ́jú, àfi afárá kan. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ mi máa ń fẹ́ yí kánkán ju bí mo ṣe lè bá a lọ, ibẹ̀ nìkan ni mo sì ti ń rántí fíríwíìlì. Láràárọ̀ ni mo ń fi ìka méjì di bíréèkì iwájú mú díẹ̀díẹ̀ láti orí afárá náà títí dé ìsàlẹ̀.