LupusQoL: ìwé ìbéèrè tó mọṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ títúmọ̀ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè sọ pé lupus (àìsàn tí agbára ìdáàbòbò ara fi ń bá ara fúnra rẹ̀ jà) ti rọlẹ̀ lára ẹnì kan, síbẹ̀ kí onítọ̀hún má lè dìde lórí ibùsùn. Àlàfo yìí ni LupusQoL, ìwé ìbéèrè nípa bí ìgbé ayé ẹni tó ní lupus ṣe rí, ń dí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, ó jáde ní 2007, ẹnu àwọn aláìsàn fúnra wọn ni wọ́n sì ti kó ìbéèrè inú rẹ̀ jọ. Ibẹ̀ ló ti gba ipò iwájú lọ́wọ́ SF-36, ìwé ìbéèrè ìlera tó wà fún gbogbo àìsàn, tí kò béèrè nípa irun tó ń re tàbí ara tó ń sú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fi lupus wé àìsàn mìíràn, SF-36 lẹ máa lò; ẹ kúkú lo méjèèjì.

Ìbéèrè 34 ló wà níbẹ̀ ní apá mẹ́jọ, lórí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kọjá: agbára ara 8, ìrora 3, ètò ṣíṣe 3, ìbálòpọ̀ 2, jíjẹ́ ẹrù lọ́rùn ẹlòmíràn 3, ọkàn 6, ìrísí ara 5, àárẹ̀ 4. Ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ láti 0 (ní gbogbo ìgbà) dé 4 (kò ṣẹlẹ̀ rárá). Ẹni tó mú 1, 2, 1, 2 lábẹ́ àárẹ̀ ní ìpíndọ́gba 1.5, ẹ pín in sí 4, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100, ó di 37.5. Bó bá ṣe súnmọ́ 100 tó ló ṣe dára tó. Bí ẹni náà kò bá dáhùn tó ìdajì apá kan, ẹ má ṣírò apá yẹn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n tẹ 0 fún ẹni tó sọ pé ìbálòpọ̀ kò kan òun, ó wá dà bíi pé ti ẹni náà ló burú jù. Ìbéèrè méjì péré ló wà ní apá yẹn, ọ̀pọ̀ sì máa ń fò ó. Òun ni apá tó lẹ jù nínú ìwé yìí.

Kí ẹ tó tú u sí Yorùbá, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ògbufọ̀ méjì á tú u lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn á pa á pọ̀ di ọ̀kan. Ẹlòmíràn tí kò rí ìwé ti Gẹ̀ẹ́sì rí á dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ á sì jókòó lé e. Lẹ́yìn náà, aláìsàn 5 sí 10, ó kéré tán, á fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ṣàlàyé ohun tí wọ́n gbọ́ nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ìpele yìí ni wọ́n máa ń sáré kọjá, ó sì burú. Ìdápadà tó bá Gẹ̀ẹ́sì mu rẹ́gí kò jẹ́rìí sí nǹkan kan: Yorùbá tí wọ́n tú lọ́rọ̀-sọ́rọ̀ ló máa ń padà lẹ́wà jù.

Nínú Yorùbá, ẹ ṣọ́ "ó rẹ̀ mí". Ó lè jẹ́ iṣẹ́ àṣejù, ó lè jẹ́ àìsàn. Ṣebí aláìsàn náà là ń pè ní aláàárẹ̀. Bí ẹ kò bá sọ pé okun ló tán nínú ara, àìsàn lódindi ni wọ́n máa dáhùn lé. Èyí tó tún léwu jù ni "rárá" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn 4. Bí gbólóhùn bá ní "mi ò lè sùn dáadáa", tí ẹnì kan sì mú "rárá", ṣé kò sùn rárá ni, àbí kò ṣẹlẹ̀ sí i? Ẹ kọ "ó ṣòro fún mi láti sùn", kí ìdáhùn sì jẹ́ "kò ṣẹlẹ̀ rárá".

Ní ti àyẹ̀wò, ẹ wá ènìyàn 238 (méje fún ìbéèrè kan) bí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìdáhùn wọn pín sí apá mẹ́jọ náà lóòótọ́. Ẹ má bẹ̀rù bí mẹ́jọ kò bá jáde. Márùn-ún ló jáde ní Amẹ́ríkà. Cronbach's alpha (nọ́ńbà tó ń fi hàn bí ìbéèrè inú apá kan ṣe bára mu tó) yẹ kó tó 0.70, ṣùgbọ́n bó bá kọjá 0.95, ìbéèrè yín ń tún ara wọn sọ. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún bi àwọn tí àìsàn wọn kò yí padà nìkan, ICC (nọ́ńbà tó ń fi hàn bí ìdáhùn ìkejì ṣe bá ti àkọ́kọ́ mu tó) yẹ kó tó 0.70. Bí ó bá ju 15% lọ tó gba 0 tàbí 100 ní apá kan, apá yẹn kò ní lè fi ìyàtọ̀ hàn. SLEDAI, òṣùwọ̀n tí dókítà fi ń wo bí lupus ṣe ń jà tó, kì í fi bẹ́ẹ̀ bá LupusQoL rìn. Ẹ má torí ìyẹn da ìtumọ̀ yín nù.