Férémù mẹ́rin fún orin Wagner: ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní Kàbà

Ẹ̀yin ayàwòrán ilẹ̀ Òkun tó ń bi mí níbi tí mo ti ń ṣe férémù, ẹ̀bá ọjà Kàbà ni, lọ́wọ́ bàbá káfíńtà kan tó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì àti ilẹ̀kùn gan-an niṣẹ́ rẹ̀. Igi arère ló ń lò torí pé ó fúyẹ́, ó sì máa ń fi pákó kékeré há igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí kánfáàsì, aṣọ tí mò ń ya àwòrán sí, má baà fà á wọ́.

Mẹ́rin ni mo ní kó ṣe fún mi, torí ọ́pẹ́rà (eré tí wọ́n ń fi orin kọ) mẹ́rin ni Wagner, olórin ará Jámánì, so pọ̀ di Ring, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lódindi ní ìlú Bayreuth ní Jámánì lọ́dún 1876; àwòrán kan ni mò ń yà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ti àkọ́kọ́ bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ohùn kan náà ni wọn ò ní kúrò lórí rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, tí yóò máa ga, tí yóò máa fẹ̀: odò Rhine ní Jámánì ló ń kún yẹn. Ìdí nìyẹn tí àwòrán mi àkọ́kọ́ fi jẹ́ kìkì ewé dúdú lórí ewé dúdú. Schopenhauer, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì, ló jẹ́ kí n yé ya ojú èèyàn sí i. Ó ní iṣẹ́ ọnà yòókù ń ṣe àfarawé ohun tá à ń rí, ṣùgbọ́n agbára tó ń ti gbogbo ẹ̀dá kiri gan-an lorin ń gbé jáde. Wagner ka ìwé rẹ̀ ní 1854, kò sì bọ́ lára rẹ̀ mọ́.

Ìyẹn ò kan Bàbá. Àmọ́ mo fi Nothung hàn án lórí fóònù, àwòrán tí Anselm Kiefer, ayàwòrán ará Jámánì, yà ní 1973: idà Siegmund, akọni kan nínú Ring, tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, dúró ṣánṣán nínú àjà onípákó. Bàbá ò tiẹ̀ wo idà. Ó fìka fẹ àwòrán náà, ó ń tọ ìlà inú pákó lọ, ó ní, “Ẹni yìí ti la igi rí.” Ló bá ní kí n má jẹ́ kí òun kun férémù mi lọ́dà, kí ìlà igi lè hàn. Mo gbà, ibẹ̀ ló sì dára jù nínú iṣẹ́ náà.

Àléébù rẹ̀: kò mọ ọjọ́ àdéhùn. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi pákó tútù ṣe ẹ̀kẹta. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó wọ́. Bàbá tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n mo ti kan kánfáàsì mọ́ ọn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ni mo san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Ẹ san ìdajì, kẹ́ ẹ dúró tì í nígbà tó bá ń mú pákó.