Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tàbí N100: èwo ló yẹ fún sáfà fáìlì inú ilé?

Ayàwòrán ní Pansẹ́kẹ́ tó ń ya òde ìnáwó lópin ọ̀sẹ̀, ilé ìtẹ̀wé ní Òkè-Ìléwó, àti ẹbí tí fọ́tò ti kún orí fóònù wọn, gbogbo wọn ló lè fi owó pọ́ọ́kú to sáfà kékeré kan tí àwọn ẹ̀rọ yòókù yóò máa kó fáìlì sí. Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀: Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà bíńtín tó wà lórí bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo), kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀, tàbí bọ́ọ̀dù tuntun tó ní Intel N100, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà kékeré. Lójú tèmi, tòkunbọ̀ ló dára jù fún ẹni tó wà l'Abẹ́òkúta, kí owó tó bá sì ṣẹ́ kù lọ sórí dísìkì.

Raspberry Pi 4, tó jáde ní 2019, ní ojú USB 3.0 àti ojú wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì gigabit, iná tó ń jẹ kò sì tó nǹkan. Àmọ́ kò ní ojú SATA tí a fi ń so dísìkì mọ́ bọ́ọ̀dù tààrà, nítorí náà USB nìkan ni dísìkì lè gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ ampere 1.2 péré ni gbogbo ojú USB rẹ̀ jọ ń pín. Dísìkì kékeré kan lè rí i lò; méjì kò dájú; dísìkì ńlá onínṣì 3.5 sì ní láti ní ṣájà vólítì 12 tirẹ̀. Pi 5 ti 2023 lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n bí ṣájà rẹ̀ kò bá gbé ampere 5, ńṣe ni yóò dín iná tó ń fún USB kù. Nígbà tí ẹ bá fi máa ra ṣájà, àpótí, fáànù àti ilé dísìkì tán, owó rẹ̀ lè ti bá ti tòkunbọ̀.

Ìdí tí tòkunbọ̀ fi rọjú ni pé Microsoft dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, Windows 11 kò sì gba ọpọlọ kọ̀ǹpútà Intel ìran kẹfà. Díẹ̀ péré ló gbà nínú ìran keje. Àwọn ọ́fíìsì òkè òkun ń kó wọn dànù, bẹ́ẹ̀ Debian àti OpenMediaVault, àwọn ètò ọ̀fẹ́ tí a lè fi rọ́pò Windows, ń ṣiṣẹ́ geere lórí wọn. Mẹ́mórì 8GB tó fún un. Ẹ má kàn ra èyí tó kéré jù lójú: OptiPlex Micro ti Dell kò gbà ju dísìkì onínṣì 2.5 kan lọ, kò sì gba èyí tó nípọn, nígbà tí OptiPlex SFF, tó tóbi díẹ̀ sí i, gba dísìkì onínṣì 3.5. Àléébù SFF ni pé páwà inú rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó wà káàkiri. Bó bá jó, irú tirẹ̀ gan-an lẹ ó wá.

N100 kì í jẹ iná púpọ̀, tuntun sì ni. Ó wọ̀ fún ẹni tí iná sólà rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù nìkan lẹ rà. Páwà, mẹ́mórì àti àpótí ṣì ń bọ̀.

Dísìkì ni kí ẹ má ṣahun sí. Oríṣi méjì ló wà: CMR, tí ìlà ìkọ fáìlì rẹ̀ kò gun ara wọn, àti SMR. Nínú SMR, ìlà tí a ń kọ fáìlì sí gun orí ara wọn bíi páànù òrùlé, débi pé bí ẹ bá tún ìlà kan kọ, dísìkì ní láti tún àwọn tó tẹ̀ lé e kọ pẹ̀lú, ìyẹn ló sì ń mú un fà bí ẹ bá da fọ́tò rẹpẹtẹ lé e lórí. Àwọn tó ń ṣe é kì í sábà kọ ọ́ sára páálí. Ní 2020 ni Western Digital tó jẹ́wọ́ pé SMR ni àwọn WD Red kan láti 2TB dé 6TB. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ti CMR ní Red Plus. Seagate IronWolf jẹ́ CMR; Barracuda 2TB, nọ́mbà ST2000DM008, jẹ́ SMR. Bí ẹ kò bá rí IronWolf tàbí Red Plus, ẹ béèrè WD Purple lọ́wọ́ àwọn tó ń so kámẹ́rà ìṣọ́. Wọ́n ṣe é fún kíkọ tọ̀sán-tòru.

Dísìkì méjì tó jẹ́ ẹ̀dà ara wọn kò gbà yín lọ́wọ́ àṣìṣe: fáìlì tí ẹ bá pa rẹ́ lórí ọ̀kan ti pa rẹ́ lórí èkejì. Nítorí náà, dísìkì kan nínú SFF àti òmíràn níta, tí ẹ ń da fáìlì sí lọ́ṣọ̀ọ̀sẹ̀ tí ẹ sì ń yọ kúrò, ni mo fara mọ́.

Ti iná ọba, ẹ wá UPS tó ní ojú USB. Pẹ̀lú ètò tí wọ́n ń pè ní NUT, sáfà yóò mọ ìgbà tí bátìrì fẹ́ tán, yóò sì pa ara rẹ̀ kí iná tó já. Nínú BIOS ti Dell, ìyẹn ojú ètò inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ẹ gbé AC Recovery sí Power On, kí ẹ̀rọ lè tan ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá mú iná wá, bí ẹ kò tilẹ̀ sí nílé. Rọ́tà yín náà ńkọ́? Bí ojú rẹ̀ bá jẹ́ 100Mbps, fáìlì kò ní kọjá bíi 12MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti gigabit ń lọ sí bíi 110MB.

Bí ẹ bá lọ rà á ní Ìkẹjà, ẹ ní kí wọ́n ṣí àpótí rẹ̀ níbẹ̀. Bí dísìkì tòkunbọ̀ bá bá a wá, ẹ fi CrystalDiskInfo, ètò Windows tó ń yẹ ìlera dísìkì wò, yẹ̀ ẹ́ wò: bí Reallocated Sectors tàbí Current Pending Sector, tó ń ka ibi tó ti bàjẹ́ tàbí tó fẹ́ bàjẹ́ lójú dísìkì, bá ti kúrò ní òdo lábẹ́ Raw Values, ẹ ní kí wọ́n yọ dísìkì náà, kí wọ́n sì yọ owó rẹ̀.