Eyín iwájú tó gùn jù: rírẹ́, bonding, veneer tàbí wáyà?

Òkété ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkéré, nítorí eyín iwájú méjì tó gùn ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó gbé e tọ dókítà eyín lọ, mo sì ti tọ́jú owó veneer mẹ́fà, ìyẹn ìbòrí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú eyín, sí báńkì. Owó tí mo ná nígbẹ̀yìn kò tó ti veneer kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n fi àwọn ọjà yìí wé ara wọn fún ẹni tó ń ṣírò owó lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó mú eyín yín gùn, nítorí oògùn wọn kò rí bákan náà. Eyín méjì àárín lókè sábà máa ń gùn tó mìlímítà 10 sí 11, fífẹ̀ rẹ̀ sì máa ń tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gígùn rẹ̀ tàbí kó lé díẹ̀. Àwọn kan wà tí eyín wọn gùn lóòótọ́. Àwọn mìíràn, eyín ẹ̀gbẹ́ ló kúrú tàbí tó ti jẹ, tó wá mú kí ti àárín dà bí òpó. Àwọn kan náà sì wà tí erìgì ló ń sá fún eyín wọn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, ló kọ́ mi ní ti ìkẹyìn yìí. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé eyín òun tún ń dàgbà. Eyín àgbàlagbà kì í dàgbà mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta lábẹ́ erìgì ló dá àrùn sílẹ̀, tí erìgì fi ń sún sókè, tí egungun tó di eyín mú sì ń jẹ lọ. Ìtọ́jú erìgì ló nílò. Ká ní wọ́n gé eyín náà ni, yóò kàn ní eyín kúkúrú tó ń mì ni. Bí eyín yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gùn lẹ́yìn tí ẹ ti dàgbà, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ bí ẹ bá fọ ẹnu, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹwà ná.

Rírẹ́ àti bonding

Ibí ni kí ọ̀pọ̀ yín dúró sí, lójú tèmi. Rírẹ́ ni pé kí dókítà fi irinṣẹ́ kékeré tó ń yí bó etí eyín díẹ̀díẹ̀, kó sì dán an. Kì í sábà gba abẹ́rẹ́, nítorí èèpo funfun tó bo eyín kì í mọ ìrora. Láàrin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ó ti parí, owó rẹ̀ ló sì sábà máa ń kéré jù. Àmọ́ ìwọ̀nba ni wọ́n lè mú kúrò: ìdajì mìlímítà sí mìlímítà kan lọ́pọ̀ ìgbà, bóyá kó lé díẹ̀ bí èèpo bá nípọn níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọjá ibẹ̀, wọ́n á kan inú eyín tó pọ́n bí ìyeyè, omi tútù á sì máa dun yín wọra. Èèpo eyín kì í hù padà. Ẹni tó bá sì ń ti fáìlì èékánná bọ ẹnu nílé, kó máa bọ̀ wá san owó kráùn, ìyẹn ìbòrí tó yí gbogbo eyín ká, lọ́la.

Òdìkejì rírẹ́ ni bonding, torí pé fífi kún ni tirẹ̀. Wọ́n á fi nǹkan rírọ̀ bí amọ̀, tó bá àwọ̀ eyín mu, mọ ọ́n, wọ́n á tan iná búlúù sí i kó le, wọ́n á sì dán an. Ẹ lè béèrè pé kí ni fífi kún wá wúlò fún nígbà tí gígùn ló ń dà wá láàmú. Bí ẹni gíga kan bá dúró láàrin àwọn kúkúrú, tí a wá fi àpótí sábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn kúkúrú, ta ni yóò tún pe ẹnikẹ́ni ní gíga? Bí wọ́n ṣe ṣe tèmi nìyẹn: wọ́n rẹ́ méjì àárín díẹ̀, wọ́n fi bonding mú kí eyín ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì gùn sí i. Ìjókòó kan ni.

Bonding máa ń gbà àwọ̀ obì àti kọfí, ó sì lè ṣẹ́. Iyán kò ní ṣe é ní nǹkan kan, a dúpẹ́ fún un. Eegun inú ọbẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, àti fífi eyín ṣí mínírà. Ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ lè retí kó tó fẹ́ àtúnṣe. Bí ẹ bá fẹ́ sọ eyín di funfun, ẹ ṣe ìyẹn ṣáájú, torí oògùn tó ń fọ eyín kò ní yí àwọ̀ bonding padà.

Veneer àti kráùn

Veneer tánganran rí bí èékánná tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú eyín. Ó rẹwà jù, kì í gba àwọ̀ obì, ó sì lè lo ọdún 10 sí 15. Ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń bó nǹkan bí ìdajì mìlímítà kúrò lójú eyín kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, tí èyí bá sì ti ṣẹlẹ̀, eyín yẹn á máa fẹ́ ìbòrí títí ayé. Bí gígùn nìkan bá ni ẹjọ́ yín, tí àwọ̀ àti ìrísí eyín dára, owó nlá lẹ fẹ́ fi ra ohun tí rírẹ́ lè ṣe. Kráùn tún bó ju bẹ́ẹ̀ lọ, yíká gbogbo eyín. Ti eyín tó ti fọ́ tàbí tí wọ́n ti yọ iṣan inú rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní èjí, ẹ tètè sọ pé kí wọ́n má dí i. Àwọn baba wa sanwó kí wọ́n tó pa èjí fún wọn. Ẹni tó ń ṣe veneer lè rò pé àlàfo ni ẹ fẹ́ bò.

Wáyà

Wáyà, èyí tí wọ́n ń so mọ́ eyín láti máa tì í díẹ̀díẹ̀, ló dára jù fún eyín tó sọ̀kalẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, torí ó lè tì í padà sókè láìgé nǹkan kan. Ọdún kan sí méjì ni, pẹ̀lú ìrìn àjò bí oṣooṣù. Ẹni tó ń ti Ìkọ̀lé wọ Adó kó ṣírò owó mọ́tò mọ́ ọn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó máa fi ohun ìdímú sùn lálẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eyín á padà síbi tó ti wá.

Ní ti àwọn ọmọdé, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Eyín ńlá tó yọ lọ́mọ ọdún méje máa ń bá ojú mu bí ojú bá ti dàgbà.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò níbi ìtọ́jú eyín ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti ìpínlẹ̀ ní Adó tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ wáyà tó le, Ifẹ̀ àti Ìbàdàn ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín. Ní ti aládàáni, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ọdún yìí láti Medical and Dental Council of Nigeria. Ẹni tó ń gbé àpò veneer láti ilé onídìrí kan dé òmíràn kì í ṣe dókítà. Ẹ béèrè bóyá iye tí wọ́n pè jẹ́ ti eyín kọ̀ọ̀kan tàbí ti gbogbo rẹ̀, àti ta ni yóò san owó bí ó bá ṣẹ́ láàrin oṣù mẹ́fà.

Kí wọ́n tó gé ohunkóhun, ẹ ní kí dókítà fi ohun ìkọ̀wé dúdú kun etí eyín níbi tó fẹ́ rẹ́, kí ẹ rẹ́rìn-ín, kí wọ́n ya fótò yín. Dúdú yẹn á dà bí ibi tí kò sí mọ́. Dókítà tèmi tún ní kí n máa sọ "fi fìlà fún Fẹ́mi" léraléra, torí ibi tí etí eyín ti ń kan ètè ìsàlẹ̀ bí a bá pe fí ló fi ń mọ̀ bóyá ó ti tó. Ìgbà kẹta tí mo sọ ọ́, ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.