Ọkọ̀ onígbòkun: kí o ra tìrẹ, àbí kí ẹ jọ háyà rẹ̀?

Létí omi Solent, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onígbòkun ni wọ́n so mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́ látoṣù dóṣù. Àwọn tó ni wọ́n ò ráyè. Síbẹ̀, màrínà, ìyẹn èbúté tí wọ́n ń so ọkọ̀ ìgbafẹ́ mọ́, ń gba owó ìdúró, bí ọkọ̀ bá sì ṣe gùn sí ni owó rẹ̀ ṣe ń ga sí. Adójútòfò tún wà níbẹ̀. Nígbà òtútù, wọ́n á fi kiréènì gbé e sókè, wọ́n á ha ewé òkun àti ìkarahun kúrò nídìí rẹ̀, wọ́n á tún un kùn. Mo ti fọwọ́ pa ìdí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí: ó rí gbágungbàgun, ó mú bí ayùn.

Àjọháyà ńkọ́? Ilé iṣẹ́ kan ló ń tọ́jú ọkọ̀. Ìwọ àtàwọn mélòó kan á máa sanwó oṣooṣù, ẹ ó sì máa yan ọjọ́ yín lórí fóònù. Bí ẹ́ńjìnnì bàjẹ́, wàhálà ilé iṣẹ́ náà nìyẹn. Àmọ́ gbogbo yín lẹ fẹ́ Sátidé oṣù kẹjọ, nígbà ooru ibẹ̀, ẹni tó bá yára ló ni ín. O ò lè fi kóòtù òjò rẹ sílẹ̀ síbẹ̀, o ò sì lè ṣàdédé kọrí sí Cherbourg, ìlú èbúté ilẹ̀ Faransé tó wà lódìkejì òkun, nírọ̀lẹ́.

Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni mò ń jáde, èmi ò ní rà. Ẹni tó fẹ́ràn àtimáa kun pákó, kó sì sùn sínú ọkọ̀ nígbà tó bá wù ú, kó ra tirẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ń ta ọkọ̀ àlòkù kékeré ní pọ́ọ́kú, torí owó màrínà ti sú wọn.