Kẹ̀kẹ́ afọwọ́yí lórí òkè Abẹ́òkúta: àgbéyẹ̀wò ẹni tó ń jókòó sí i

Bí ẹ bá ń gbé Abẹ́òkúta tí ẹsẹ̀ yín kò sì gbé yín, ẹ má fi owó yín ra wíìṣíà irú èyí tó wà ní ọsibítù. Ilẹ̀ táìsì ni wọ́n ṣe é fún. Táyà iwájú rẹ̀ kéré. Bó bá ti kan òkúta wẹ́wẹ́, kẹ̀kẹ́ á dúró gbọnin, ẹni tó wà lórí rẹ̀ ló máa lọ síwájú. Èyí tí mo ń lò báyìí, wẹ́dà kan lápá Láfẹ́nwá ló jó o fún mi: ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, a-fi-ọwọ́-yí.

Táyà básíkù ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Pẹ́dà wà níwájú àyà, ọwọ́ méjèèjì la fi ń yí i, ṣéènì á wá fa táyà iwájú. Pẹ́dà yẹn náà la fi ń darí rẹ̀. Kí ọkùnrin yìí tó jó irin kankan, ó ní, "Àǹtí, ẹ jókòó sórí àpótí yìí ná, ẹ na ọwọ́ yín kí n rí ibi tó dé." Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ṣe ìyẹn fún mi rí, òun ló sì jẹ́ kí èjìká mi sinmi. Bí nǹkan bá bàjẹ́, fọkanáísà tó ń lẹ táyà ọ̀kadà á lẹ̀ ẹ́, béárìn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún básíkù ṣe.

Òkè ni wàhálà rẹ̀. Ẹ̀yìn ni gbogbo ìwọ̀n ara wà, táyà iwájú ló sì ń fà, nítorí náà bí mo bá ń gun ibi tó ní yanrìn, táyà yẹn á kàn máa yí lásán. Télọ̀ ni mí. Àpò aṣọ oníbàárà ni mo máa ń gbé síwájú kó lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó bá di pé à ń sọ̀ kalẹ̀, pàápàá lágbègbè Ìtòkú, bíréèkì kan ò tó rárá. Bí òjò bá ti pa rọ́bà rẹ̀, yíyọ̀ ló kù. Mo ní kó fi òmíràn sí táyà ẹ̀yìn. Gíríìsì ṣéènì náà ti ba ìró mi jẹ́ o.

Àmọ́ mi ò lè di gbogbo ẹ̀bi ru kẹ̀kẹ́. Báǹkì kan wà nígboro tí ilẹ̀kùn gíláàsì rẹ̀ ń gba èèyàn kọ̀ọ̀kan wọlé, kẹ̀kẹ́ mi ò lè gba ibẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ní kí n kó káàdì mi fún òun, kí n sì sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀. Èmi kẹ̀! Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ní ọdún 5 láti tún ọ̀nà wọn ṣe fún àwa àkàndá ẹ̀dá. Ọdún 5 ọ̀hún ti pé láti 2024. Òfin yẹn náà ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá wa lóhùn lórí ìlà, ó sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 1 náírà lé ilé iṣẹ́ tó bá yà wá sọ́tọ̀.

Ọ́fíìsì kan tiẹ̀ gbìyànjú, wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sẹ́nu ọ̀nà. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn mi, mo bá wọ̀n ọ́n: gíga rẹ̀ ínṣì 20, gígùn rẹ̀ ínṣì 60. Ìlànà tí Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé lábẹ́ òfin àkàndá ẹ̀dá wọn ti 1990 ni pé bó bá fi ínṣì 1 ga, kó fi ínṣì 12 gùn. Ẹsẹ̀ bàtà 20 ló yẹ kí tiwọn gùn. Bó ṣe wà yìí, àkàbà tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni.

Ti ọkọ̀ ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ mi kì í ká, nítorí náà bí onítakisí bá tiẹ̀ gbà, owó ẹrù á wọ̀ ọ́. Lọ́ńdọ̀nù, láti 2000 ni takisí dúdú wọn ti gbọ́dọ̀ lè gba ẹni tó wà lórí wíìṣíà. Ní Japan, òṣìṣẹ́ rélùwéè ló ń tẹ́ pákó sáàárín ọkọ̀ àti ibi ìdúró kí onítọ̀hún lè yí wọlé. Tiwa níbí ni àánú, ó sì pọ̀ jù. Ẹni tí kò mọ̀ mí á ti kẹ̀kẹ́ látẹ̀yìn láìbèèrè, iwájú á sì yà sí kọ́tà. Òmíràn á ju náírà sí mi lẹ́sẹ̀, èmi tí mo ń gbé aṣọ lọ gba owó iṣẹ́ mi! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bèèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Mo fún kẹ̀kẹ́ yìí ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Bí apá yín kò bá lágbára, kì í ṣe tiyín. Bó bá jẹ́ tiyín, kí ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ bá wẹ́dà sọ ọ́ pé bíréèkì méjì lẹ fẹ́, kó fi páànù bo ṣéènì, kó sì wá wọn ilẹ̀kùn yàrá yín kó tó gé irin ẹ̀yìn.